Ẹ̀kọ́ tí olùṣèwádìí ìlera gbọ́dọ̀ kọ́ kó tó gba ẹ̀jẹ̀ lára ènìyàn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí yóò fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò, kí ó lè mọ bí ó ti ń dùn tó. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìwádìí ìlera lára ọmọ ènìyàn, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ìwà ọmọlúàbí nínú iṣẹ́ ìwádìí. Ìbáà jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ìbáà sì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì tó fẹ́ pín ìwé ìbéèrè fún àwọn aláboyún, ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ni yóò kọ́kọ́ béèrè ìwé-ẹ̀rí ẹ̀kọ́ yìí lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó gbé àbá ìwádìí rẹ̀ yẹ̀ wò.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ̀ pé irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ wà. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kí ìyá ọmọ fún àwọn ní ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sí i nítorí ìwádìí, tàbí tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá kan ilẹ̀kùn pẹ̀lú bírò àti ìwé lọ́wọ́ tó ń béèrè iye ọmọ tí wọ́n bí àti iye tó kú, ẹ̀kọ́ yìí ló dúró láàrin ẹni tó ń béèrè àti ẹni tí wọ́n ń bi léèrè.

ÌWÁDÌÍ YÀTỌ̀ SÍ ÌTỌ́JÚ

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ń kọ́ olùṣèwádìí ni ìyàtọ̀ tó wà láàrin ìtọ́jú àti ìwádìí. Bí dókítà bá ń tọ́jú aláìsàn, ire aláìsàn yẹn nìkan ló wà lọ́kàn rẹ̀, oògùn tó sì mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́ ni yóò fún un. Ṣùgbọ́n bí dókítà kan náà bá ń ṣe ìwádìí, ìmọ̀ tí yóò ṣe àwọn ẹlòmíràn láǹfààní lọ́jọ́ iwájú ló ń wá. Ó lè má tíì mọ̀ bóyá oògùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́, nítorí ohun tó fẹ́ mọ̀ gan-an nìyẹn.

Ẹ̀wù funfun kan náà ni dókítà ń wọ̀ fún iṣẹ́ méjèèjì, ibùsùn kan náà ni aláìsàn sì ń sùn sí. Ibẹ̀ ni ewu wà. Ẹni tí ara ń ni, tó wá ìwòsàn wá, lè gbà pé ohunkóhun tí wọ́n bá fi sí òun lára, nítorí ìwòsàn òun ni. Bí olùṣèwádìí kò bá là á yé e, ó ti tàn án jẹ nìyẹn, kódà bí kò tilẹ̀ parọ́ kankan.

IBI TÍ ÌLÀNÀ NÁÀ TI ṢẸ̀

Ìwà ìkà ló bí òfin. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n gbé ènìyàn 23, tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn jẹ́ dókítà, lọ sí ilé-ẹjọ́ ní ìlú Nuremberg lórílẹ̀-èdè Jámánì, nítorí ìdánwò tí wọ́n ṣe lára àwọn ẹlẹ́wọ̀n lábẹ́ ìjọba Hitler. Ilé-ẹjọ́ dá 16 lẹ́bi lọ́dún 1947, wọ́n sì dájọ́ ikú fún méje nínú wọn. Inú ìdájọ́ náà ni ìlànà mẹ́wàá kan ti jáde, èyí tí àkọ́kọ́ rẹ̀ sọ pé ìyọ̀ǹda àtinúwá ẹni tí wọ́n fẹ́ lò kò ṣe é yẹ̀ sílẹ̀. Lọ́dún 1964, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn àgbáyé ṣe ìkéde tiwọn ní ìlú Helsinki. Ìkéde yìí ni àwọn dókítà ṣì ń tẹ̀lé, wọ́n sì tún un ṣe gbẹ̀yìn lọ́dún 2024.

Ṣùgbọ́n bí àwọn Amẹ́ríkà ti ń dá àwọn ará Jámánì lẹ́jọ́ lọ́wọ́, irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ òrùlé tiwọn. Láti ọdún 1932 ni àjọ ìlera ìjọba Amẹ́ríkà ti ń ṣọ́ àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú 600 ní agbègbè Tuskegee, ní ìpínlẹ̀ Alabama. Àwọn 399 nínú wọn ló ní àrùn ìbálòpọ̀ tí wọ́n ń pè ní syphilis, àwọn 201 yòókù kò ní in. Wọ́n kò sọ orúkọ àrùn náà fún wọn. Ohun tí wọ́n wí ni pé ẹ̀jẹ̀ wọn ni kò dára. Wọ́n ń fún wọn lóúnjẹ ọ̀fẹ́, wọ́n sì ṣe ìlérí owó ìsìnkú fún wọn. Nígbà tí ọdún 1947 fi máa dé, pẹnisilíìnì ti di oògùn tí gbogbo ayé mọ̀ pé ó ń wo àrùn náà, síbẹ̀ wọn kò fún wọn, torí pé wọ́n fẹ́ mọ ohun tí àrùn náà yóò fi ara wọn ṣe títí dójú ikú. Ogójì ọdún gbáko ni wọ́n fi ṣe é, kí ìwé ìròyìn tó tú àṣírí náà lọ́dún 1972. Lọ́dún 1997 ni Ààrẹ Bill Clinton tọrọ àforíjì lórúkọ ìjọba.

Ìtìjú yìí ló mú kí Amẹ́ríkà ṣe òfin ìwádìí lọ́dún 1974, tí ìgbìmọ̀ kan sì gbé ìwé tí wọ́n ń pè ní Belmont jáde lọ́dún 1979. Òpó mẹ́ta ni ìwé náà fi ẹ̀kọ́ yìí dúró lé. Èkíní ni ọ̀wọ̀ fún ènìyàn, kí a má ṣe lò ó láìgba ìyọ̀ǹda rẹ̀. Èkejì ni ṣíṣe oore, kí àǹfààní ìwádìí ju ewu rẹ̀ lọ. Ẹ̀kẹta ni òdodo, kí ó má ṣe jẹ́ pé tálákà ni yóò máa forí la ewu nígbà tí olówó yóò máa jẹ èrè rẹ̀.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ KANO

Bí wọ́n bá ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní Nàìjíríà, kì í pẹ́ kí wọ́n tó dé orí ọ̀rọ̀ Kano. Lọ́dún 1996, àrùn yírùnyírùn, tó ń mú awọ tó bo ọpọlọ, tí òyìnbó ń pè ní meningitis, bẹ́ sílẹ̀ ní òkè Ọya, ó sì pa ènìyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Ní ilé-ìwòsàn àrùn àkóràn ìlú Kano, níbi tí àwọn dókítà ẹgbẹ́ aláàánú láti ilẹ̀ òkèèrè ti ń tọ́jú èrò lọ́fẹ̀ẹ́, ilé-iṣẹ́ Pfizer kó oògùn tuntun tí wọ́n pè ní Trovan dé. Ọmọdé 200 ni wọ́n lò: wọ́n fún 100 ní Trovan, wọ́n sì fún 100 yòókù ní ceftriaxone, oògùn tí àwọn oníṣègùn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọmọ 11 ló kú, márùn-ún nínú àwọn tó lo Trovan, mẹ́fà nínú àwọn tó lo èkejì. Àwọn òbí tún sọ pé àwọn ọmọ mìíràn di adití, afọ́jú tàbí arọ. Ilé-iṣẹ́ náà kò gbà pé àwọn jẹ̀bi. Wọ́n ní àrùn náà ló pa àwọn ọmọ, pé oògùn àwọn gba ẹ̀mí là, àti pé àwọn òbí fi ẹnu yọ̀ǹda. Àwọn òbí ní kò sí ẹni tó sọ fún àwọn pé ìdánwò ni, wọ́n ní ìtọ́jú ni àwọn rò pé àwọn ń gbà. Àríyànjiyàn lórí ohun tó pa àwọn ọmọ kò tán. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ìwé ìròyìn Washington Post gbé ọ̀rọ̀ náà jáde lóṣù Kejìlá ọdún 2000, ohun kan hàn sí gbangba: ìwé tí wọ́n ní ìgbìmọ̀ ilé-ìwòsàn kan fi fọwọ́ sí ìwádìí kò ṣe é gbára lé, nítorí pé ilé-ìwòsàn náà kò tilẹ̀ ní irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ lásìkò ìdánwò ọ̀hún.

Ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2001, ìjọba ìpínlẹ̀ Kano sì pe tiwọn lọ́dún 2007. Lọ́dún 2009 ni wọ́n parí rẹ̀ nítùbí-ìnùbí pẹ̀lú mílíọ̀nù 75 dọ́là, láìgbà pé àwọn jẹ̀bi. Ọdún 2011, ìyẹn ọdún 15 lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà, ni ẹbí mẹ́rin àkọ́kọ́ tó gba owó, ẹgbẹ̀rún 175 dọ́là fún ẹbí kọ̀ọ̀kan.

Owó nìkan kọ́ ló bá a lọ. Nígbà tí Kano kọ abẹ́rẹ́ àjẹsára rọparọsẹ̀ lọ́dún 2003, tí wọn kò sì gbà á padà títí di ọdún 2004, ìrántí Trovan wà lára ohun tó mú kí àwọn òbí máa fura. Àrùn náà gba ibẹ̀ ràn lọ sí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, ó sì di ọdún 2020 kí wọ́n tó lè kéde pé rọparọsẹ̀ àdánidá ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Áfíríkà. Ohun tí wọ́n fi èyí kọ́ olùṣèwádìí ni pé bí ìgbẹ́kẹ̀lé bá ti bàjẹ́, ẹni tí yóò jìyà rẹ̀ lè jẹ́ ọmọ tí wọn kò tíì bí nígbà tí ìwà náà wáyé.

OHUN TÍ NÀÌJÍRÍÀ TI ṢE

Lónìí, ìgbìmọ̀ àpapọ̀ kan wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ìlera ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n ń pè ní NHREC, tó ń ṣe àbójútó gbogbo ìgbìmọ̀ tó ń yẹ àbá ìwádìí wò ní àwọn yunifásítì àti ilé-ìwòsàn. Lọ́dún 2007 ni wọ́n gbé ìwé ìlànà orílẹ̀-èdè jáde. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 wá fi ọwọ́ òfin ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn: kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ ṣe ìwádìí lára ènìyàn láìjẹ́ pé ẹni náà fọwọ́ sí i nínú ìwé, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣàlàyé ète ìwádìí náà àti ohun tó lè ti ìdí rẹ̀ yọ fún un. Bí ó bá jẹ́ oògùn ni wọ́n fẹ́ dán wò, àjọ NAFDAC náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.

Ìlànà náà ní kí ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan má ṣe dín ní ènìyàn márùn-ún, kí ó má sì jẹ́ pé àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nìkan ni wọn. Ẹni tí kì í ṣe oníṣègùn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, torí ẹni tó ti bá ẹ̀jẹ̀ gbé pẹ́ lè gbàgbé bí ẹ̀jẹ̀ ti rí lójú ẹlòmíràn. Wọ́n tún ní kí wọ́n kọ ìwé àdéhùn kí wọ́n tó gbé ẹ̀jẹ̀, itọ̀ tàbí ẹran ara èyíkéyìí tí wọ́n gbà lára àwọn ènìyàn kúrò nílùú lọ sí yàrá àyẹ̀wò òkè òkun.

Ìbàdàn kó ipa ribiribi nínú kíkọ́ àwọn ènìyàn. Ibẹ̀ ni ètò ẹ̀kọ́ ìwà ọmọlúàbí nínú ìwádìí fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fìdí kalẹ̀ sí, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Clement Adébámọ̀wọ́, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ owó láti ọ̀dọ̀ àjọ ìlera Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní NIH. Láti ibẹ̀ ni oyè ìjìnlẹ̀ kejì nínú ẹ̀kọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn.

BÍ WỌ́N ṢE Ń KỌ́ Ọ

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń gbà kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Àwọn kan ń lọ sí ìpàdé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ kan sí mélòó kan. Àwọn tó fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ ń gba oyè nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ jù lọ ń gbà. Ètò tí wọ́n ń pè ní CITI, tó bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Miami lọ́dún 2000, wà lára èyí tí wọ́n mọ̀ jù, wọ́n sì fi orí ẹ̀kọ́ tó dá lé òfin àti ìlànà Nàìjíríà kún un. Òmíràn tún ni TRREE, tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Èyí tí àjọ NIH ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ará Nàìjíríà gba ìwé-ẹ̀rí rẹ̀, kásẹ̀ nílẹ̀ lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2018.

Akẹ́kọ̀ọ́ yóò ka orí kọ̀ọ̀kan, yóò dáhùn ìbéèrè, bó bá sì gba iye máàkì tí wọ́n là sílẹ̀, yóò tẹ ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ jáde. Ìwé-ẹ̀rí náà kì í wà títí láé, ó ní ọjọ́ tí wọn yóò ní kí onítọ̀hún wá tún un kọ́.

Ibi tí ìṣòro wà kò fara sin. Ẹni tó bá fẹ́ gba ìwé-ẹ̀rí lásán lè tẹ ìdáhùn títí yóò fi yege, kí ó má sì rántí ohunkóhun lọ́jọ́ kejì. Ìdí nìyẹn tí àwọn olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n kọ́ fi ń lo ìṣẹ̀lẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ rí, tí wọ́n ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ohun tí òun ì bá ṣe bó bá jẹ́ òun ló wà níbẹ̀. Ìwé-ẹ̀rí lè ṣí ilẹ̀kùn ìgbìmọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí olùṣèwádìí yóò ṣe nígbà tó bá ku òun àti aláìsàn nìkan, inú ọkàn rẹ̀ ló wà.

ÈDÈ YORÙBÁ ÀTI ÌYỌ̀ǸDA

Orí tó le jù nínú ẹ̀kọ́ náà ni ti ìyọ̀ǹda. Kí ènìyàn tẹ ìka tàbí kọ orúkọ sínú ìwé kò túmọ̀ sí pé ó yọ̀ǹda. Ó gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ, kí ó yé e, kí ó sì fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ gbà. Bí kò bá mọ̀wé, wọ́n gbọ́dọ̀ kà á sí i létí ní èdè rẹ̀, níwájú ẹlẹ́rìí tí kì í ṣe ara àwọn olùṣèwádìí.

Níbi tí a ti ń sọ Yorùbá, iṣẹ́ ńlá nìyí. Ọ̀rọ̀ náà, ìwádìí, ọlọ́pàá náà ń ṣe é. Àyẹ̀wò, babaláwo náà ń ṣe é. Ìdánwò, ọmọ ilé-ìwé ń ṣe é, àwọn onígbàgbọ́ sì ń gbàdúrà kí Ọlọ́run má fà wọ́n sínú rẹ̀. Bí olùṣèwádìí bá sọ fún ìyá àgbà kan pé ìwádìí ni òun wá ṣe, ohun tí ìyá gbọ́ lè yàtọ̀ pátápátá sí ohun tó ní lọ́kàn. Bákan náà ni bó bá fẹ́ ṣàlàyé pé kì í ṣe dókítà ni yóò yan ẹni tí yóò gba oògùn tuntun. Àfi kí ó sọ ọ́ bí Yorùbá ti mọ̀ ọ́n: pé wọn yóò ṣẹ́ kèké ni. Bí àwọn kan bá sì máa gba oògùn òfìfo tí kò ní agbára nínú, ó gbọ́dọ̀ là á mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Àṣà ọ̀wọ̀ náà tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ aláìsàn kì í lè kọ ọ̀rọ̀ sí dókítà lẹ́nu. “Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, dókítà” ni wọn yóò wí, wọn yóò sì tẹ̀ka. Ọkọ lè sọ pé òun ti gbà fún ìyàwó òun, baálẹ̀ sì lè sọ pé òun ti gbà fún gbogbo ìlú. Ohun tí ẹ̀kọ́ náà wí ni pé ó yẹ kí olùṣèwádìí kí baálẹ̀, kí ó sì gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó wọlé, ṣùgbọ́n ẹnu baálẹ̀ kò lè rọ́pò ẹnu ẹni tí abẹ́rẹ́ yóò gún. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ yé onítọ̀hún ni kí wọ́n ní kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ tún un sọ. Bó bá ní, “Wọ́n fẹ́ wò mí sàn ni,” nígbà tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, kí olùṣèwádìí gbé bírò rẹ̀ pa mọ́ ná, kí ó tún bẹ̀rẹ̀ àlàyé.

ÀPẸẸRẸ RERE LÁTI ÌBÀDÀN

Ìtàn ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe ti ibi nìkan. Lẹ́yìn tí iṣẹ́ àgbáyé kan tí wọ́n pè ní HapMap bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2002, láti mọ bí àbùdá ènìyàn ti yàtọ̀ síra, Yorùbá Ìbàdàn wà lára ẹ̀yà mẹ́rin tí wọ́n lo ẹ̀jẹ̀ wọn. Ènìyàn 90 ni, ìdílé 30, bàbá, ìyá àti ọmọ tó ti dàgbà. Kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹnikẹ́ni, wọ́n kọ́kọ́ bá àwọn ará àdúgbò ṣe ìpàdé, tọkùnrin tobìnrin, láti gbọ́ ohun tó ń kọ wọ́n lóminú. Wọn kò kọ orúkọ sára ẹ̀jẹ̀ náà, wọ́n sì gbà ju iye tí wọ́n lò lọ, tó fi jẹ́ pé ẹni tó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ gan-an kò lè mọ̀ bóyá tòun wà níbẹ̀.

Wọ́n tún ṣe ohun kan tó wúni lórí: wọ́n ní kí àwọn onímọ̀ máa pe ẹ̀jẹ̀ náà ní ti Yorùbá Ìbàdàn, Nàìjíríà, kí wọ́n má ṣe sọ pé ti gbogbo Yorùbá ni, ká má tilẹ̀ wá sọ pé ti gbogbo Áfíríkà. Ìdí rẹ̀ ni pé bí wọ́n bá rí àbùkù kan níbẹ̀, kò yẹ kí wọ́n fi kan ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹ̀yà Havasupai ní ìpínlẹ̀ Arizona kò rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ gbà. Wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ láti ọdún 1990 nítorí àrùn ìtọ̀ ṣúgà, wọ́n sì wá rí i pé wọ́n ti fi ṣe ìwádìí lórí àrùn ọpọlọ àti orísun ẹ̀yà wọn láìsọ fún wọn. Ọdún 2010 ni yunifásítì tí ọ̀rọ̀ kàn san ẹgbẹ̀rún 700 dọ́là, wọ́n sì dá ẹ̀jẹ̀ wọn padà.

OHUN TÓ YẸ KÍ ÈNÌYÀN BÉÈRÈ

Ẹ̀tọ́ tí olùṣèwádìí kọ́, ó yẹ kí ẹni tí wọ́n fẹ́ lò náà mọ̀ ọ́n. Bí ẹnikẹ́ni bá wá pẹ̀lú ìwé ìwádìí, ìbéèrè wọ̀nyí kì í ṣe àfojúdi:

Ṣé ìtọ́jú mi nìyí, àbí ìwádìí? Ta ló ń ṣe é, ta sì ló ń san owó rẹ̀? Ìgbìmọ̀ wo ló fọwọ́ sí i, níbo sì ni ìwé àṣẹ wọn wà? Kí ni ẹ óò fi sí mi lára, tàbí kí ni ẹ óò gbà lára mi? Ewu wo ló wà níbẹ̀, bí nǹkan bá sì ṣe mí, ta ni yóò tọ́jú mi? Ibo ni ẹ̀jẹ̀ mi ń lọ, títí di ìgbà wo? Ta ni yóò rí orúkọ mi? Bí n kò bá ṣe mọ́, ṣé ẹ óò ṣì tọ́jú mi bíi tàtẹ̀yìnwá?

Ìdáhùn sí èyí tó gbẹ̀yìn gbọ́dọ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnikẹ́ni ló lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀ níbẹ̀rẹ̀, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti jáde láàrin, láìsí pé nọ́ọ̀sì dijú sí i tàbí pé wọ́n fi ìtọ́jú dù ú. Fún ọmọdé, òbí tàbí alágbàtọ́ ló ń yọ̀ǹda, bí ọmọ náà bá sì ti gbọ́n tó láti lóye, kí wọ́n bi òun náà.

Kò sí ẹni tó sọ pé kí ìwádìí dáwọ́ dúró. Oògùn ibà, abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ìtọ́jú àrùn éèdì tó ń gba ẹ̀mí là lónìí, ara àwọn ènìyàn tó yọ̀ǹda ni wọ́n ti dán wọn wò. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ṣe ọmọ aráyé lóore, oore tí wọ́n sì mọ̀ pé àwọn ń ṣe ni. Ohun tí àwọn òbí Kano ní wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn nìyẹn: àyè láti mọ̀, kí wọ́n tó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.